Bí A Ṣe Fẹ̀sùn Olè Kan Màmá

Iṣẹ́ mi ni kí n kó èèyàn jókòó, kí wọ́n máa parọ́ fún ara wọn. Eré ni. Èèyàn bíi méjìlá á yí tábìlì ká, kálukú á mú káàdì kan. Ará ìlú ni gbogbo wọn, àfi ẹnì kan tó jẹ́ olè. Èmi olùdarí á ní kí ìlú sùn, gbogbo wọn á dijú, olè nìkan á lajú, á nàka sí ẹni tó fẹ́ jà lólè. Tí ìlú bá jí, ẹni yẹn ti jáde nínú eré. Àwọn tó kù á wá jiyàn títí wọ́n á fi dìbò yọ ẹni tí wọ́n fura sí. Ojú èèyàn ló mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú máa ń ṣe nígbà tí ẹnu bá ń parọ́.

Kafé kan ní Heathway, nílùú òyìnbó níbí, lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe é, tí a máa ń pariwo mọ́ra wa. Àwọn tó kọ́kọ́ pè mí síṣẹ́, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan ní Castle Green ni, lọ́sàn-án Sátidé. Sísítà Bùnmi tó pè mí ní tó bá dùn, èmi ni màá máa wá lóṣooṣù. Mo nílò ẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìkẹ́rù nígbà yẹn, ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì, ẹlòmíì ló ń bá mi tẹ́ ẹ sùn.

Mo rò pé Yorùbá á mú eré náà dùn, ni mo bá fi bírò dúdú kọ OLÈ gàdàgbà sórí káàdì. Mo ní kí wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe àmín. Ìyẹn ò tíì burú. Màmá, àgbà gbogbo wọn, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló mú káàdì olè, èmi nìkan ni mo sì mọ̀. Ìlú jí, wọ́n yọ ọmọdébìnrin kan. Wọ́n tún yọ òmíràn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọmọdé náà ni. Àwọn tó ti jáde ti ń tẹ fóònù.

Sísítà Bùnmi wà lára àwọn tí olè ti jà. Mo rọra bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ọmọdé nìkan ni wọ́n ń yọ.

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe Màmá lólè ni?"

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni Màmá fúnra wọn gbójú sókè.

"Ẹ ti ń bi ara yín láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó bi èmi ní nǹkan kan. Ṣé mi ò sí níbí ni?"

Ohùn wọn le. Ó wá yé mi pé ẹ̀sùn kọ́ ló máa dùn wọ́n, bí a ṣe fò wọ́n dá ni. Mo ní òfin tuntun ti dé: ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀sùn kan àgbà, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tọrọ gáfárà, kó tó sọ tẹnu ẹ̀.

Ṣadé, ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín wọn tí wọ́n bí síbí, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ló dìde. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí a ti pick káàdì, ẹ ò mu tíì yín mọ́. Ẹ̀yin ni, mà."

Màmá wò ó pẹ́. Wọ́n bi í bóyá ìyá bíi tàwọn lè jalè.

"Ẹ lè ṣe é, mà."

Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n dìbò, àwọn kan ń nawọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Màmá ṣí káàdì.

"Ojú ẹ mú, ọmọ yìí. Irọ́ tó dáa ni mo ti tò sílẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí n pa á."

Sísítà Bùnmi ti yọ fóònù, ó ń wá Sátidé tó ṣófo fún mi lóṣù tó ń bọ̀. Kó tó rí i, Màmá ti kó káàdì jọ, wọ́n ń dà á rú, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lọ sílé, kí èmi náà wá jókòó, àwọn ni yóò darí. Mo mú káàdì tèmi. Mo tẹjú mọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín ìyókù. N ò rí nǹkan kan kà lójú wọn.