Omi Kánfọ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn kánfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé ọkọ mi ní Bẹẹrẹ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣe é. Á lọ kánfọ̀, á bu mẹ́ńtọ́ọ̀lù tó rí wóròwóró bí iyọ̀ mọ́ ọn, á máa rò ó nínú abọ́. Kò ní fi iná kàn án rárá, síbẹ̀ àwọn nǹkan líle méjèèjì á yọ́, wọ́n á di omi. Àwọn tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú máa ń ti Ọjà'ba wá rà á.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, mo sì ń fi ìwé tí mo kà yangàn. Mo gbé ìgò omi kánfọ̀ kan lọ sí kíláàsì. Mo bu omi sínú bàsíà, mo wọ́n páúdà sójú rẹ̀, mo wá kán ẹ̀kán kan omi kánfọ̀ sí àárín. Lójú ẹsẹ̀, páúdà sá lọ sí etí bàsíà. Mo ṣàlàyé pé ojú omi máa ń fà le bí awọ, pé ti omi kánfọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi tàn ká kíákíá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn délé.

Àkọ́bí mi obìnrin kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ọyẹ́ dé, imú rẹ̀ dí, kò lè mu ọmú. Ìyá fi omi kánfọ̀ díẹ̀ pa aṣọ kan, ó fi kọ́ sí yàrá.

“Ìyàwó, aṣọ nìkan o. Má jẹ́ kó kan ọmọ lára.”

“Mo ti gbọ́, mà.”

Nígbà tó lọ kírun alásàrí, mo ro ti bàsíà yẹn. Mo ní bó bá lè tàn lójú omi báyẹn, á tàn nínú imú ọmọ, á sì là á. Mo kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí i nímú. Ọmọ náà ya ẹnu, igbe kò jáde. Ètè rẹ̀ di dúdú. Mo figbe ta. Nígbà tí ìyá sáré wọlé, ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. A kò tíì dé ọsibítù tó fi dákẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ọkọ mi rí ìgò náà lẹ́bàá ibùsùn.

“Ìyá mi, ta ló fi èyí sí ọmọ mi lára?”

Ìyá wò mí. Mo wo ilẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe é,” ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń gbé ọmọ wọn kúrò nítòsí rẹ̀. Ọkọ mi pàápàá kò jẹun ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ń rí gbogbo rẹ̀, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo ń padà. Lọ́jọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́, mo kúnlẹ̀ ní yàrá rẹ̀, mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́.

“Bó ti wù kí ọkọ rẹ bínú sí mi, ọmọ mi náà ni,” ló wí. “Ìwọ ńkọ́? Á lé ọ. Dìde.”

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo dìde.

Ọkọ mi kò bá ìyá rẹ̀ rẹ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ibojì. A ti darúgbó báyìí, èmi àtọkọ mi. Nígbà mìíràn, bí àwọn ọmọ-ọmọ wa bá béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi irú ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́, á ní kò fura, á ní ọwọ́ rẹ̀ ni àkọ́bí wa kú sí. Mo máa ń jókòó tì í nígbà tó bá ń sọ ọ́. N kò tíì la ẹnu.