Òkúta Tí Màmá Fọ̀

Tí mo bá gbóòórùn eérú tútù báyìí, iwájú ilé wa n'Ísọlọ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ, àárọ̀ Sátidé tí Màmá ń fi kànìnkànìn fọ òkúta ìjọba.

Lébìrà ni Bàbá mi lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù òkúta lókè ọ̀hún, níbi tí àpáta pọ̀ sí. Wọ́n ní àpáta náà ti yọ́ rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, láyé àtijọ́, kó tó dì. Bàbá ní bí ògì ṣe ń rì sísàlẹ̀ tí omi ń wà lókè náà ló ṣe to ara rẹ̀ ní ìpele ìpele, funfun lórí dúdú. Wọ́n á gé díẹ̀ lára ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá.

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá wọn, òyìnbó kan, já àpótí òkúta sílẹ̀ níwájú ilé wa. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì. Kò gbọ́, ó ń kánjú lọ ṣeré létí òkun. Ó ní òun á wá kó o ní Mọ́ńdè. Bàbá bá lọ gba ẹrù tó kù ní rélùwéè Ọ̀ṣòdì.

Màmá ṣí àpótí, ó rí ẹrẹ̀. Ohun tó bá ti inú igbó wá kì í wọ yàrá Màmá láìfọ̀, áḿbọ̀sì èyí tí òyìnbó ń bọ̀ wá kó. Èmi ni mo ń pọnmi. Ìyá Súlè, ará ilé wa, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Láyí, ẹ kúkú fi àdí pa á lára, kẹ́ ẹ gbé e pọ̀n!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre. Ṣé kí òyìnbó wá bá ìdọ̀tí nílé mi ni?"

Ọ̀dà náà le. Eérú tútù àti yanrìn ló fi họ ọ́. Mo ti mọ nọ́ńbà kà, mo rí i bó ṣe ń bó, mo ṣáà ń bu omi lé e.

Nígbà tí Bàbá dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O ti pa mí, Ìyá Láyí."

Ní Mọ́ńdè, òyìnbó bú Bàbá lójú gbogbo àdúgbò, ó sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ pé òun lòun já ẹrù ìjọba sílé lébìrà. Ta ló ní kó má gbé e dé ọ́fíìsì? Àbí lébìrà ní sítọ́ọ̀ ni? Yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń sùn sí, ibẹ̀ ló fẹ́ sọ di ọ́fíìsì! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àmọ́ nígbà yẹn, Màmá ni mo bínú sí. Mo bá àwọn ọmọ ilé pè é ní Ìyá Olókùúta. Ẹni tó sún mọ́ mi ni mo rí bá jà. Ní báyìí tí èmi náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, mo mọ ẹni tó jẹ̀bi, mo sì lè bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n Màmá ṣì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá délẹ̀, èmi ò sì tíì lanu sọ fún un pé kò jẹ̀bi.