Tẹlifíṣàn Tí Mo Rà Nítorí Ojú Kan

Oṣù keje lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi sí Iléṣà ni mo ra tẹlifíṣàn tuntun. Èyí tí a ti ń wò bọ̀ láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kò bàjẹ́. Ojú ìyàwó mi ni mo fẹ́ rí dáadáa.

Sídì fídíò kan ṣoṣo ni mo ní tí ìyàwó mi ti ń rìn, tí ó ń yíjú. Ìkórè ìjọ wọn ní Iléṣà ni wọ́n yà sí i. Lọ́jọ́ náà, bí àwọn obìnrin ṣe ń jó lọ síwájú pẹpẹ, ó yíjú padà, ó nawọ́ sí mi pé kí n dìde wá bá òun jó. N kò dìde. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún kankan kò dùn mí. Ojú ló ń tì mí. Nígbà tí a padà dé Òṣogbo, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà kò béèrè. Ní báyìí mo fẹ́ mọ̀: nígbà tí n kò dìde yẹn, ṣé ó rẹ́rìn-ín ni, àbí inú rẹ̀ bàjẹ́? Nínú tẹlifíṣàn àtijọ́, ojú rẹ̀ kò ju èékánná lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, ẹja oríṣiríṣi àwọ̀ ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gbogbo tẹlifíṣàn tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìpẹ́ ara wọn. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà bóyá sídì àtijọ́ náà yóò mọ́ báyìí.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Dádì. HD ni. Kò sí ohun tí kò ní mọ́ níbẹ̀."

Sídì náà wà nílé. Ó yẹ kí n padà lọ mú un wá kí a dán an wò. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú èyí tó tóbi jù tí apá mi ká.

Nígbà tí mo fi sídì sí i nílé, ìyàwó mi fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lórí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ojú rẹ̀ fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bíi táìlì. Mo fi rìmóòtù wá ibi tí wọ́n ti ń tún àwòrán ṣe. Mo fi kún ìmọ́lẹ̀, mo fi kún àwọ̀, mo fa èyí tó ń mú kí etí àwòrán mú ṣáṣá dé òpin. Ìlà funfun kan yí orí rẹ̀ ká. Mo pa á.

Ní Sátidé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Iléṣà. Kò tíì jókòó tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì bó ọ̀rá ojú ẹ̀!"

Ọ̀rá tínrín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú tẹlifíṣàn náà láti ilé iṣẹ́ ni. Mo ti rí i. Nínú ilé wa, a kì í bó ọ̀rá kúrò lára nǹkan tuntun títí yóò fi pé ọdún kan. Àga, fíríìjì, rìmóòtù, gbogbo wọn ló wọ ọ̀rá.

"Òfin ẹ̀gbọ́n rẹ ni," mo ní.

"Torí ẹ̀gbọ́n mi lẹ ṣe ń fi ọ̀rá wo ayé? Àwa Ìjẹ̀ṣà la ń tọ́jú nǹkan o, àmọ́ ẹ̀yin ará Òṣogbo ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn."

Ó bó o. N kò wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń bó o. Àwọ̀ mọ́ lóòótọ́. Aṣọ orí pẹpẹ padà di pupa. Ó dín àwòrán náà kù sí bí wọ́n ṣe yà á, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú, ìyàwó mi sì padà di tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fa ohun tí mo fà dé òpin yẹn sílẹ̀ pátápátá. Ó sàn. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi yíjú padà, ojú rẹ̀ kò ju àbàwọ́n kan lọ.

"Tún un ṣe sí i," mo ní.

Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nínú sídì yẹn. Ohun tí kámẹ́rà ò rí lọ́jọ́ náà, tẹlifíṣàn kankan ò lè rí i lónìí."

Mo wá sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òun náà wà ní ìkórè yẹn. Mo bi í bóyá inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bàjẹ́.

"Mi ò rántí. Irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní mo rántí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò pa á.

Lẹ́yìn tí ó lọ, mo tún fi sídì náà sí i. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dà bíi pé ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sún mọ́ ọn, ojú náà á tú ká. N kò tíì mọ̀ síbẹ̀. Mo ti gbé àga mi lọ sí ẹnu ọ̀nà náà.