Vase mi ti di ti pẹpẹ

Mummy mi ti gbé vase mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Peckham.

Kì í ṣe vase ṣákálá o. Celadon ni, iṣẹ́ amọ̀ àwọn ará China àtijọ́, aláwọ̀ ewé tó ń dán bí omi. Dealer kan láti Deptford ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.

Mo ti shift dé láàárọ̀ yìí, mo rí i pé orí tábìlì ṣófo.

"Mummy, vase mi dà?"

"Ìkòkò aláwọ̀ ewé yẹn? Mo ti fi pọn omi àdúrà lọ fún Wòlíì."

"Mummy, antique ni."

"Wọ́n ní ó wuyì. Wọ́n ti gbàdúrà sí i, ó ti di ti pẹpẹ nìyẹn. Ohun tó bá dé pẹpẹ kì í padà sílé."

Mo ní màá lọ bá Wòlíì fúnra mi. Mummy kàn na ike omi kékeré kan sí mi.

"Mo sọ fún wọn pé o máa bínú. Wọ́n ní ẹ̀mí ohun ayé ló ń dà ẹ́ láàmú, kí o fi èyí wẹ̀."

"Omi wo nìyí?"

"Èyí tó wà nínú vase ẹ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba nǹkan kúrò lórí pẹpẹ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ tètè dáhùn kí n tó wẹ̀.