Máàkì Tí Tíṣà Ògúntádé Kọ̀ Láti Fún Géèmù Hadassah

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ olóògbé Theophilus Ògúntádé ní Surulere, ọ̀rọ̀ "oko" ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ. Gbọ̀ngàn kan ní Yaba ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí Hadassah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kọ́kọ́ fi géèmù tó ṣe han àwọn èèyàn. Géèmù káàdì orí fóònù ni. Yorùbá ló fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn kankan sí i. Nígbà tí wọ́n gbé káàdì kìíní sára ògiri, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni "Ju oko re."

Bàbá dìde. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, kò lè rí irú ìyẹn kó jókòó. Ó béèrè bóyá oko tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ni kí òun jù, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó, àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní Makoko. Ó ku ẹyọ kan tó fẹ́ sọ, ó wo àwọn àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó bá a wá, ó gbé e mì. Ó wá ní bó bá jẹ́ ọkọ ni, òun kò ní ọkọ. Màmá Ethel, ìyàwó rẹ̀, dáhùn láti orí ìjókòó pé òun ní, òun sì ti ṣetán láti jù ú.

Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun ni Hadassah ní lọ́kàn. Kí oṣù yẹn tó parí, bàbá rẹ̀ ti fi bírò pupa fi àmì sórí káàdì mẹ́rìndínláàádọ́jọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni ìgbà tó ní kí wọ́n fi géèmù ọ̀hún sórí fóònù òun, kí òun náà gbá a wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé alájà méje lèèyàn máa gùn. Ọ̀tá kan ń dúró lájà kọ̀ọ̀kan, káàdì sì lohun ìjà. Bó o bá ṣẹ́gun, wọ́n á gbé káàdì mẹ́ta síwájú rẹ kó o mú ọ̀kan kún tìrẹ, tàbí kó o fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó o máa lọ. Bó o bá kú, gbogbo káàdì rẹ ti lọ nìyẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti máa tún bẹ̀rẹ̀.

Hadassah fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ nítorí géèmù yìí. Àwọn èèyàn yìn ín, kò kà á sí. Máàkì bàbá rẹ̀ ló ń wá. Ó ti jókòó ní kíláàsì bàbá yìí rí, méjìdínlọ́gọ́ta ló fún un. Nínú gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, kò fún ẹnikẹ́ni ju méjìlélọ́gọ́ta lọ. Nígbà tí ọmọ béèrè, ó ní òun kì í máàkì ìwé tí òun kò tíì kà dópin. Lọ́jọ́ tí òun bá ṣí ilẹ̀kùn àjà keje, ọjọ́ náà ni òun máa fún un.

Àjà kẹta kò tiẹ̀ jẹ́ kó rímú mí. Bàbá kì í fi nǹkan tí wọ́n fún un sílẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí àgbà bá na nǹkan sí ọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà á, o ó sì dúpẹ́. Gbogbo ìgbà tí géèmù bá fi káàdì lọ̀ ọ́ ló ń mú ọ̀kan. Káàdì rẹ̀ wá pọ̀ débi pé èyí tó dára nínú wọn kì í bọ́ sí i lọ́wọ́ títí wọ́n á fi pa á.

Hadassah ní, "Dádì, ẹ má gba gbogbo ẹ̀ mọ́ jàre. Ẹ máa fi àwọn kan sílẹ̀."

"Wọ́n fún mi ní nǹkan, kí n ní mi ò gbà? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ó kú lájà kẹta nígbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ dáadáa àti àléébù géèmù náà, lábẹ́ kùdìẹ̀-kudiẹ, pé géèmù yìí kò kọ́ ọmọ ní ìmoore. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá yé e pé ẹrù tó fúyẹ́ ló ń gun òkè, ó wọ yàrá lọ, ó kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé láti ọdún 1991 jáde, ó ní kí wọ́n kó o fún ẹlẹ́pà. Ogún ọdún ni Màmá Ethel ti fi bẹ̀ ẹ́ lórí ìwé yẹn. Màmá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí géèmù yẹn dára sí nìyẹn.

Lájà karùn-ún, ìyá arúgbó kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ni ọ̀tá. Bàbá kò bá a jà. Ó ní ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè sí arúgbó kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìyá náà á máa lù ú, òun á máa wò ó. Ìgbà mọ́kànlá ló kú sọ́wọ́ rẹ̀. Hadassah kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín, nígbà tó yá ó jókòó, ó ṣe káàdì tuntun kan tó pè ní Ìdọ̀bálẹ̀. Bó o bá jù ú sílẹ̀ níwájú ọ̀tá tó jẹ́ àgbà, á dá ọ lóhùn, á sì yà fún ọ. Káàdì yẹn làwọn tó ń gbá géèmù náà fẹ́ràn jù lọ títí dòní.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Hadassah á wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìwáyà tó ń gbé wá, á jẹun, á gba ìwé àléébù ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá lè kọ ọ́ pé oríire pọ̀ ju ọgbọ́n lọ lájà kẹfà, tàbí pé orin rẹ̀ ń fọ́ òun lórí. Ó ń kọ dáadáa rẹ̀ náà: pé kò sí ìgbà méjì tó jọra, pé ikú inú rẹ̀ ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti béèrè máàkì, á ní òun kò tíì débẹ̀.

Ó dun ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan, ó sunkún lójú wa. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ti sọ tiwọn, Dádì. Tiyín ló kù." Bàbá wo ilẹ̀, ó ní kó lọ tún àjà kẹfà ṣe. Àwa ará àdúgbò bínú sí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Oṣù kìíní ọdún yìí ni ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, lórí àga, lọ́sàn-án gangan. Kò fún un ní máàkì kankan tó fi lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Hadassah ṣí géèmù orí fóònù bàbá rẹ̀. Géèmù náà máa ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo bí èèyàn bá ṣe gbá a. Ó rí i níbẹ̀ pé bàbá òun ti dé ẹnu ilẹ̀kùn àjà keje ní ìgbà mọ́kànlélógójì. Káàdì tó máa fi ṣẹ́gun wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà gbogbo náà ló tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo túúbá" sí, tó padà sísàlẹ̀.

Ó rò pé àléébù géèmù ni, pé ibi tí òun fi bọ́tìnnì yẹn sí ló ń ṣi bàbá lọ́wọ́. Ó gbé fóònù lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. Màmá Ethel wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń fi ìró nu ojú.

Ó ní, "Wọn ò ṣì í tẹ̀. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní táwọn bá fún ẹ ní máàkì, kí lo tún máa wá ṣe níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Ìyá rẹ̀ dín iná kù lábẹ́ ìrẹsì, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Kò gbá géèmù rí láyé rẹ̀. Àjà kìíní ni wọ́n ti pa á, kí ìrẹsì tó jinná.

"Ó le jù," ni Màmá Ethel wí. "Lọ tún un ṣe, kó o gbé e wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè."