Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Dá Òkú Ìyàwó Mi Dúró

Ìyàwó mi kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ilé wa ní Logbaba, láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ti gbogbo Douala ní Kamẹrúùnù pa nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Takisí ò rìn, ọjà ò ṣí. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Mo ti dàgbà báyìí kọjá ẹni tó ń parọ́ fún ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá, mùsùlùmí tó ń ta aṣọ lọ́jà. Douala ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Síbẹ̀, nígbà tó jáde fún ìdìbò kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ọkùnrin kan pariwo mọ́ ọn ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé:

"Ará Nàìjíríà! Ìgbà wo lo máa lọ sílé?"

"Ilé mi ò jìnnà, bọ̀ọ̀dá," ó dá a lóhùn. "Ewúrẹ́ yín tó ń jẹ ẹ̀fọ́ mi lójoojúmọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e wá."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú: ó gba ìwé ìbí fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀, ó jà títí wọ́n fi ri ẹ̀rọ omi sí ìkóríta wa. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá tako nǹkan nínú ìgbìmọ̀, ẹnì kan á ní kí àlejò panu mọ́. Òun a rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé. Èmi kì í gbàgbé.

Nígbà tí àìsàn náà le, ó pè mí.

"Tíṣà, tí mo bá lọ, ọjọ́ náà ni kí ẹ sin mí. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ dúró dè?"

"Mo mọ̀ yín."

Kí oòrùn tó mú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, àgbàlá wa ti kún. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn láti Kotto. Ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀ tí ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ìgbà náà ni ìránṣẹ́ kọ́múùnù gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó ní alága fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú àsíá, láti sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ ìlú ni ìyàwó mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń retí láti ọdún pípẹ́.

"Tíṣà," Lèmọ́mù ní, "omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́ ti wà nílẹ̀."

"Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, Àlùfáà."

"Ṣé alága ló máa bá a dáhùn ìbéèrè nínú sàréè?"

Mo ní kí gbogbo èèyàn máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọmọlanke la fi gbé e lọ sí ilé ìgbókùú-sí.

Lọ́jọ́ kejì, a ò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi táyà dínà káàkiri. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ṣọ́ ilé òkú wò mí lójú, ó ní, "Papa, kúráàn ti lọ láti àná, ẹ̀rọ tó ń mú òkú tutù ò ṣiṣẹ́."

A gbé e padà wálé lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ pẹ́ nínú ilé. Nígbà tí wọ́n jáde, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò wo ojú mi.

"A ti ṣe é. Ẹ má bi wá ní nǹkan kan."

Wọn ò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Àwa mẹ́fà la kírun sí i lára. Alága kò wá nígbà náà, kò sì wá títí dòní.

Bí mo ṣe ń ti itẹ́ òkú bọ̀, mo bá ìyá ẹlẹ́ja náà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Mo ní a ti sin ín. Ó fi Píjìn sọ fún mi pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn wá, èmi ni mo ní káwọn máa lọ.

Kò bá mi jà. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ṣí omi.