Ẹyin Tútù Ìyá Mujeebat

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì sí Wusasa, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí etí mi bá gbọ́ ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, ìwé mi ló sì wà. Èmi Adélàjà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, tí wọ́n ń yìn ín lọ sókè láti fi dá ara wọn lára yá. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Waheedat, télọ̀ kan ní Sabon Gari, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Mujeebat.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni télọ̀ ń wá nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí tiwa ṣe rí. Kì í ṣe èyí tó ń gbé èèyàn lọ sí òṣùpá. Páálí tí a ká róbótó ni, kò gùn ju apá mi lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, inú páálí la sì ń rà á, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tan iná sí i, yóò fò sókè fíì, yóò ga ju ọ̀pẹ mẹ́wàá tí a tò léra lọ. Bí agbára rẹ̀ bá tán, orí rẹ̀ yóò ṣí, aṣọ yóò jáde nínú rẹ̀, yóò fẹ̀ bí agbòjò, yóò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Aṣọ yẹn là ń pè ní párásúùtì. Bí aṣọ kò bá ṣí, ẹ kò tún ní rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ nìyẹn, páálí rírún lẹ ní.

Sátidé kan nínú oṣù la máa ń yìn ín, lórí oko ọkà bàbà tí wọ́n ti kórè ní Basawa, nítòsí bárékè sójà. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé sójà ló rán wa níṣẹ́. Àwọn sójà náà kọ́kọ́ rò pé orí wa kò pé. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní ìwé àṣẹ pé a lè máa ṣe é, ṣùgbọ́n tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, kí ohunkóhun má lọ sókè mọ́.

Dókítà Ọláwálé, olórí ẹgbẹ́ wa, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló mú Ìyá Mujeebat wọ inú ẹgbẹ́. Ó gbé ṣòkòtò lọ fún un kó bá òun gé e kúrú, ó sì gbé párásúùtì wa tó ya lé e. Ìyá Mujeebat yẹ̀ ẹ́ wò lọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀. Ó ní, "Dókítà, ta ló rán ìranù yìí?" Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí oníbàárà bá ní apá aṣọ fún òun, yóò ní apá oníbàárà ló sanra. Ó wá agbòjò tó ti bàjẹ́ méjì, pupa kan, aró kan, ó tú aṣọ wọn, ó sì rán òmíràn fún wa lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ọdún méjì báyìí, kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa kan tó bọ́ láti òkè tí kì í ṣe aṣọ rẹ̀ ló gbé e.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló ń rí níbẹ̀. Ó ní gbogbo aṣọ tí òun ti rán láyé òun, ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Ó ní èyí nìkan ló ń fò. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà púpọ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni. Ìgbéyàwó ló gbé e wá sí Zaria lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Shamsudeen ọkọ rẹ̀, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ni wọ́n bí òun sí. Yorùbá Shamsudeen dà bí bàtà àyálò: ó ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Hausa ló fi ń ronú. Ìyàwó rẹ̀ kì í sì í dáhùn Hausa nínú ilé. Ó ní bí òun bá gbà á láyè, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ òun kò ní gbọ́ ohun tí òun ń wí mọ́. Nítorí náà Shamsudeen ń tiraka, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Oṣù kọkànlá ni wàhálà ẹyin bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kí a máa fi ẹyin sí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹyin tí a kò sè, kí ó lọ kó bọ̀ láìfọ́. A fi òwú wé e, a yìn ín, ó fọ́. Ní oṣù kejìlá ó tún fọ́, tọjọ́ náà sì burú, nítorí aṣọ kò tilẹ̀ ṣí. Ìyá Mujeebat ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì ṣẹ́ ẹ gún régé bí kaftan ọdún Iléyá. Aṣọ agbòjò kò fẹ́ iná. Ńṣe ló lẹ̀ mọ́ra. Télọ̀ tó mọṣẹ́ dójú àmì nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Nígbà tí a jókòó ìpàdé, Dókítà rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá Mujeebat, ẹ má bínú o. Mo rò pé ká kúkú ra ti òkè òkun."

Ìyá Mujeebat gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ fún mi ní oṣù kan. Bí ẹyin tún bá fọ́, mi ò ní fọwọ́ kan aṣọ rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ láyé mi."

Ẹnu mi kì í gbé ilé. Mo ní, "Ẹyin lohùn o, Ìyá Mujeebat. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Tíṣà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo oṣù náà, mo kábàámọ̀ rẹ̀, torí mo mọ̀ pé obìnrin náà kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Sátidé oṣù kìíní pé. Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀run funfun, atẹ́gùn kò pọ̀. Ìyá Mujeebat ti dé kí n tó dé. Aṣọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lọ̀ ọ́, pọ́dà ọmọ ọwọ́ ló bù sí i lára kó má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kòtò kan lójú ọ̀nà Basawa ti gbé kẹ̀kẹ́ Napep rẹ̀ sókè, ẹyin tó wà nínú báàgì rẹ̀ sì ti fọ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí.

"Bàbá Mujeebat, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra ẹyin tútù kan. Tútù ni o!"

"To, mo ti gbọ́."

Aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kí Shamsudeen tó gun alùpùpù dé. Ó yọ ẹyin nínú àpò àyà rẹ̀, ó ti fi áńkáṣíìfù wé e. Dókítà gbà á, ó kó òwú yí i ká, ó tì í sínú orí rọ́kẹ́ẹ̀tì. A da omi sílẹ̀ yíká nítorí koríko gbígbẹ. A kà á: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Ó lọ. Aṣọ pupa àti aró ṣí lókè, ó fẹ̀, ó sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Ẹyin kò fọ́. Ariwo wa dé bárékè. Dókítà ní ká gbàgbé òkè òkun. Èmi náà kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé: Ẹyin kò fọ́. Mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Ìyá Mujeebat gba ẹyin náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó tì mí nídìí tábìlì. Ó fi ìka méjì yí ẹyin náà lórí pákó, bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Ẹyin náà ń pòyì ránńtí bí òkòtó, kò dúró. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó tún yí i. Ó tún pòyì. Ẹni tó bá ti dáná rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹyin tí a kò sè kì í lè pòyì bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

"Bàbá Mujeebat, ẹ wá ná. Níbo lẹ ti ra ẹyin yìí?"

"Lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri ẹyin nídìí gáréèjì."

"Sísè ni!"

"Sísè ni mana. Kai, ó gbóná nígbà tó gbé e fún mi! Mo ní rárá, ìyàwó mi ní tútù ni. Mo ra pure water, mo da á sí i lórí, mo dúró tì í títí ó fi tutù. Wallahi, ohun tó jẹ́ kí n pẹ́ nìyẹn."

"Ẹyin tútù ni mo ní!"

"Ó tutù. Fọwọ́ kàn án. Tútù, ṣebí sanyi ni, bí omi tútù?"

"Ɗanye!" ni Ìyá Mujeebat fi igbe ta. "Ɗanye ni mo ń wí! Èyí tí wọn ò sè!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó fi Hausa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti yé Shamsudeen. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Jẹ́ ká jẹ ẹ́, kó parí." Ó tilẹ̀ ti yọ ata gígún jáde nínú àpò, èyí tí obìnrin ẹlẹ́yin náà pọ́n sínú bébà fún un.

"Tíṣà ti gbọ́," ni Ìyá Mujeebat wí, láìwo ojú mi.

Kí n sọ òtítọ́, mo fẹ́ kó dákẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, mi ò sì fẹ́ kó kúrò láàárín wa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ṣebí aṣọ ṣí, ṣebí gbogbo wa rí i. Ó fi ìka kan ìwé mi.

"Ẹ ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Ẹ fagi lé e."

Ó dìde, ó lọ bá Dókítà níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ dúró sí. "Dókítà, sísè ni ẹyin tó lọ yẹn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò burú, ohun tí òun fẹ́ rí ni aṣọ, aṣọ sì ṣiṣẹ́.

"Ẹyin tútù ni mo fi lérí," ni Ìyá Mujeebat dáhùn. "Kò tíì sí ohun tí mo ṣe. Ẹ́ńjìnnì mélòó ló kù?"

Ọ̀kan ló kù. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú obìnrin náà, ó sì mi orí pé ó yá.

Shamsudeen gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí àárín Basawa, ó ń tún un sọ lẹ́nu bí ọmọ ilé kéú: "ɗanye, ɗanye." Ó bọ̀ pẹ̀lú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, kékeré, ìdọ̀tí ìtẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá Mujeebat yí i lórí pákó. Ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó dúró. Ó tún bu pọ́dà sára aṣọ, ó ká a, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un ká.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù nígbà tí a yìn ín. Ó lọ tààrà. Orí rẹ̀ ṣí. Aṣọ jáde, ṣùgbọ́n kò tètè fẹ̀. Ó ń já bọ̀ bí àkísà. Mo gbọ́ tí Shamsudeen ní "Ya Allah." Lẹ́yìn náà ni pupa fẹ̀, aró fẹ̀ tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn gbé e lọ sí ẹ̀yìn ebè, a kò rí ibi tó balẹ̀ sí.

Ìyá Mujeebat jókòó sílẹ̀. Ó ní òun kò lè lọ wò ó, kí Tíṣà lọ. Mo lọ. Mo ṣí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tú òwú. Ẹyin náà wà digbí, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kọjú sí ibi tó jókòó sí, ó tó igba ìṣísẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, pòròpórò ọkà ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀, orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà sì ni mo gbé lọ́wọ́. Mi ò rìn jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó da tíì inú kọ́ọ̀bù tó gbé wá nù, ó gbá ẹyin náà mọ́ ẹnu kọ́ọ̀bù, ó fọ́ ọ sínú rẹ̀. Pupa rẹ̀ dúró róbótó láàárín funfun. Ó gbé kọ́ọ̀bù náà yí gbogbo wa ká, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé sísè ni àbí tútù?"

"Tútù ni," ni Dókítà dáhùn.

Shamsudeen ti ìka kan bọ inú kọ́ọ̀bù. "Tútù ni," ó ní, "kò sì tutù."

Ìyá Mujeebat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó fi etí híjáàbù nu ojú. Ó wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣí ìwé mi sábẹ́ ibi tí mo fagi lé, mo sì kọ ọ́ báyìí: Ẹyin balẹ̀, kò fọ́. Ìyá Mujeebat ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ.